Oògùn oníyebíye àwọn ará Tibet tí wọ́n fi sílíìkì wé: ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá mi?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Punjab

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn.

Punjab ni mo ti ń kàwé, ní Íńdíà. Ọmọ Tibet ni ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, Dharamsala ni wọ́n bí i sí, ìlú orí òkè kan ní Íńdíà níbí tí ọ̀pọ̀ ará Tibet tó sá kúrò ní ilẹ̀ wọn ń gbé. Ìyá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí làkúrègbé ti ń dà wọ́n láàmú, ọwọ́ òsì wọn sì máa ń kú tipiri nígbà mìíràn. Wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn òyìnbó ni wọ́n ń lò sí i lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn ò lè di fóònù náà mú pẹ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ló dé tí ojú mi fi rẹ̀wẹ̀sì. Mo sọ fún un. Ó dìde, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú nǹkan kékeré kan jáde lábẹ́ aṣọ, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi.

Kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Aṣọ sílíìkì aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n fi wé e, wọ́n fi òwú aláràbarà so ó lọ́rùn, wọ́n wá kán ìda pupa sórí kókó òwú náà bí òǹtẹ̀. Bí mo bá gbé e súnmọ́ imú, ó ń ta sánsán bíi kànáfùrù, nǹkan mìíràn tún wà nínú òórùn náà tó dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. N ò tíì tú u. Ó ní Ratna Samphel ni orúkọ rẹ̀, pé péálì wà nínú rẹ̀, wúrà wà níbẹ̀, òkúta iyebíye wà níbẹ̀, ewé àti egbò wà níbẹ̀, pé òun ni ìyá òun fi sínú ẹrù òun nígbà tí òun ń bọ̀ níléèwé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ wá sílé ní Oṣù Kejìlá. Ṣé kí n fi rán an sí ìyá mi? Àbí kí ni ẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì Peckham

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Olúwa yóò fún ìyá rẹ ní àlàáfíà.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún mọ́kànlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní London. Má tíì fi ránṣẹ́. N ò sọ pé oògùn náà kò dára, n ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, a kì í dédé da nǹkan mìíràn lé e lórí láìjẹ́ pé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀. Ọwọ́ òsì tó ń kú yẹn gan-an ló sì ń kọ mí lóminú jù. Ṣé ó máa ń ṣe ẹnu wọn náà? Ṣé ọ̀rọ̀ máa ń lọ́ wọn lẹ́nu? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kì í ṣe làkúrègbé nìkan. Kí ẹnìkan mú wọn lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kó má di Oṣù Kejìlá.

Àrìnrìnàjò Òkè

Ọ̀rọ̀ ìyá ni kí o kọ́kọ́ gbọ́, àbúrò. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí ẹ̀bùn ńlá ni ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ.

Mo gbé ní Dharamsala fún ọdún méjì nígbà tí mò ń ṣe ìwádìí fún oyè mi kejì. Ilé tí mo gbé kò jìnnà sí Men-Tsee-Khang, ibi tí wọ́n ti ń po oògùn wọn. Òórùn ewé lílọ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀.

Sowa Rigpa ni wọ́n ń pe ìṣègùn wọn, ìyẹn ìmọ̀ ìwòsàn. Ìwé tí wọ́n gbé e kà ń jẹ́ Gyüshi, apá mẹ́rin ló ní, Yuthok Yonten Gonpo tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n sì máa ń dárúkọ mọ́ ọn. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní ó gbé ara ró: lung tí í ṣe afẹ́fẹ́, tripa tí í ṣe òróòro, àti beken tí í ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí ọ̀kan bá borí èkejì, ara kò ní gbádùn. Oníṣègùn wọn ni amchi. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìka mẹ́ta ni yóò gbé lé ọrùn ọwọ́ rẹ, yóò dákẹ́, yóò máa fetí sí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ, lọ́tùn-ún àti lósì. Ó lè ní kí o gbé ìtọ̀ àárọ̀ wá. Yóò rò ó, yóò wo àwọ̀ rẹ̀, yóò wo ìfóófòó orí rẹ̀ bó ṣe tóbi tó àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó pòórá, yóò gbóòórùn rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó mọ ohun tí yóò fún ọ.

Oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Hóró ewé lásán ni, wọ́n á kó o sínú báàgì bébà, kí o máa fi omi gbígbóná lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Tìrẹ yẹn, rinchen rilbu ni. Rinchen ni ohun iyebíye, rilbu ni hóró oògùn. Oríṣi mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe ní Men-Tsee-Khang. Ratna Samphel tí o dárúkọ yẹn, nǹkan bí 70 ni èlò tó wà nínú rẹ̀, péálì sì ni àgbà wọn. Àìsàn iṣan, rọpárọsẹ̀, ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tó kú, ìyẹn ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Yunying 25 tún wà, òkúta tọ́kọ́ìsì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ti ẹ̀dọ̀ ni. Jumar 25 wà, iyùn ló wà nínú tiẹ̀, ti orí àti iṣan ni. Drangjor ni wọ́n ń bu ọlá fún jù nínú gbogbo wọn.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo fojú mi rí i nílé ìyá àgbà tí mo yá yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yan ọjọ́ fún un: òṣùpá ti fẹ́ kún. Láti ọjọ́ tó ṣáájú, wọn kò jẹ ẹran, wọn kò jẹ ẹyin, àlùbọ́sà àti áyù kò kan ẹnu wọn, ọtí ni wọn kì í tilẹ̀ mu tẹ́lẹ̀. Lálẹ́, wọ́n pa iná yàrá, wọ́n tú aṣọ sílíìkì náà nínú òkùnkùn nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ tàn sí i. Wọ́n fọ́ hóró náà sínú ife tánganran funfun kan, wọ́n da omi gbígbóná lé e, wọ́n fi aṣọ mímọ́ bò ó. Nígbà tó di ìdájí tí àkùkọ kò tíì kọ, mo gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń ka àdúrà Sangye Menla, Búdà oníṣègùn. Wọ́n fi ìka tí a ń fi òrùka sí ro omi náà, wọ́n gbé e mu, wọ́n tún da omi díẹ̀ sí ife, wọ́n ṣan án mu kí ìyókù má baà ṣòfò. Wọ́n padà sùn, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ara títí òógùn fi bò wọ́n. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn wọn kò fọwọ́ kan omi tútù, wọn kò sì jáde sí oòrùn.

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ohun kan. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, ọ̀rọ̀ yìí sì kan iṣẹ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mákúrì wà nínú ọ̀pọ̀ lára àwọn hóró oògùn yìí. Mákúrì! Èyí tí a ń tìtorí rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin wa nípa ìpara tí ń bó àwọ̀. Èyí tó ba ayé àwọn ará Minamata jẹ́ ní Japan, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i ní 1956 pé àwọn tó jẹ ẹja etí òkun wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń fọ́jú, wọ́n sì ń bí ọmọ tí ara wọn kò pé. Ṣé a ó wá máa fi omi gbígbóná ro ó fún ìyá ẹni?

Àrìnrìnàjò Òkè

Òótọ́ lẹ sọ, n ò sì fẹ́ fi pamọ́. Mákúrì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe gbogbo wọn. Ìbéèrè tí ẹ béèrè yẹn gan-an ló gbé mi dé Dharamsala.

Kì í ṣe mákúrì tó ń yí gbirigbiri bí omi fàdákà ni wọ́n ń fi sí i. Tsotel ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń lò: mákúrì tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti lọ̀ títí tó fi di eérú. Nínú ìtàn wọn, Orgyenpa Rinchen Pel, tó gbé ayé láti 1230 sí 1309, ni wọ́n ní ó mú iṣẹ́ náà wọ Tibet. Ohun mẹ́ta ni wọ́n gbà pé ó ń bẹ lára mákúrì tí a gbọ́dọ̀ yọ kúrò: ìpẹtà rẹ̀, oró rẹ̀, àti wíwúwo rẹ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ àwọn èlò gbígbóná, wọ́n á fi ọwọ́ ra á, wọ́n á ra á títí di ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sun irin mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ di eérú. Wúrà wà níbẹ̀, fàdákà, bàbà, irin, tánganran, òjé. Òkúta mẹ́jọ náà wà tí wọ́n ń sun, èyí tó ń fa irin mọ́ra wà lára wọn. Ìgbà tó bá yá, wọ́n á da mákúrì àti imí-ọjọ́ pọ̀ mọ́ àwọn eérú yìí, wọ́n á máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi di lúbúlúbú dúdú. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn èèyàn púpọ̀ ló ń pé lé e lórí, àdúrà kì í sì í dá níbẹ̀.

Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Ilé ìwé ìṣègùn Chagpori tí Desi Sangye Gyatso, tó ń ṣàkóso Tibet nígbà náà, dá sílẹ̀ lórí òkè kan ní Lhasa, olú ìlú Tibet, ní 1696, àwọn ọmọ ogun Ṣáínà fi àgbá wó o ní 1959. Men-Tsee-Khang àkọ́kọ́, ti Lhasa yìí náà, ìgbà Dalai Lama Kẹtàlá, olórí àwọn ará Tibet, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1916, Khyenrab Norbu sì ni olórí rẹ̀. Nígbà tí Dalai Lama Kẹrìnlá tún un dá sílẹ̀ ní Dharamsala ní 1961, nínú ìgbèkùn ni wọ́n wà, ọ̀pọ̀ àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe ti kú tàbí wọ́n wà ní ẹ̀wọ̀n. Tenzin Choedrak, oníṣègùn Dalai Lama fúnra rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù ú sí láti 1959, ọdún 1980 ló tó dé Dharamsala. Ní 1982, òun ló darí wọn tí wọ́n fi ṣe tsotel níbẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìyà dé, tó jókòó ti ìkòkò tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bí òun bá kú sẹ́wọ̀n ni, ta ni ì bá kọ́ wọn? Ìdí nìyí tí àwọn ará Tibet kò fi lè gbé hóró yìí fún èèyàn pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Àǹtí Apòògùn

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Apòògùn ni mí ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ mákúrì yìí díẹ̀, nítorí òtítọ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́, ó sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Àrìnrìnàjò náà.

Mákúrì kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó wà nínú ẹja Minamata ti di methylmercury, òun ló máa ń wọ inú ọpọlọ bí ẹni wọ ilé baba rẹ̀. Èéfín mákúrì tútù, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí mákúrì bá bá imí-ọjọ́ so pọ̀ dáadáa, ohun tó ń dà ni mercury sulphide. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà yẹ tsotel wò nínú yàrá ìwádìí, mercury sulphide dúdú, èyí tí wọ́n ń pè ní metacinnabar, ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìyẹn kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, ìfun kì í sì í fẹ́ gbà á sára. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní mímu hóró kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù dọ́gba pẹ̀lú jíjẹ ẹja Minamata, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n "kì í fẹ́ gbà á" yàtọ̀ sí "kì í gbà á rárá". Ìwọ̀nba tó bá wọlé, kíndìnrín ló ń lọ kó jọ sí. Ta ló sì máa ń ní kíndìnrín tó ti rẹ̀? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá jà fún ọdún púpọ̀. Ìyá àbúrò wa nìyẹn. Obìnrin tó lóyún àti ọmọdé, n ò ní fún wọn láéláé.

Ìkejì ni pé ẹni tó ń lò ó ní Dharamsala mọ ibi tó ti wá. Bí oògùn bá ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, ta ló mọ̀ bóyá wọ́n sè é jinná? Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004. Wọ́n ra 70 oògùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn àwọn ará Íńdíà, ní àwọn ìsọ̀ tó wà ní agbègbè Boston. Nínú 14, wọ́n bá òjé, mákúrì tàbí àsẹ́níìkì. Kì í ṣe ti Tibet, ṣùgbọ́n inú ìdílé kan náà ni lílo irin sísun ti wá.

Ẹ má sì jẹ́ ká máa wo ìta nìkan. Tìróò tí ìyá wa lé fún wa ní kékeré, òjé àti imí-ọjọ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Èmi náà, wọ́n lé e fún mi títí mo fi wọ iléèwé. Ní 2010, erùpẹ̀ òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń fọ́ nínú ilé pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara. Ilẹ̀ ló ti wá, kò sì sí ohun tó dára bí ilẹ̀ lójú wa. Mo sunkún nígbà tí mo kà á.

Ọmọ Adáhunṣe, Ìṣẹ́yìn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta ni mí, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá mi ṣe ìṣègùn títí wọ́n fi kú. Nígbà tí mo gbọ́ bí ìyá àgbà Tibet yẹn ṣe dìde ní ìdájí, omi bọ́ lójú mi. Bàbá mi kì í já ewé kan lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ. Wọ́n á dìde, wọn kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà, bí o bá kí wọn wọn kò ní dáhùn, àfi ìgbà tí wọ́n bá dé ìdí igi náà. Wọ́n á pe igi lórúkọ, wọ́n á sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán an. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí lè pè é ní asán. Èmi dé ibẹ̀.

Iyùn tí ẹ sọ pé ó wà nínú Jumar yẹn, ọmọ mi Àrìnrìnàjò, ṣé irú iyùn tiwa ni?

Àrìnrìnàjò Òkè

Bàbá wa, ẹ pẹ́ fún wa. Irú rẹ̀ gan-an ni, sà. Iyùn pupa tó wọ Tibet láyé àtijọ́, inú òkun tó wà láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà, òkun Mẹditaréníà, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Àwọn oníṣòwò ló ń gbé e gba orí ilẹ̀ títí dé òkè yìnyín. Inú òkun yẹn náà ni àwọn Potogí ti ń gbé iyùn wá sí Benin láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó wà lọ́rùn ọba níhìn-ín àti èyí tó wà lọ́rùn àwọn ìyá Tibet, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwa so ó mọ́ ọrùn àti ọwọ́. Àwọn náà so ó, àwọn sì tún lọ̀ ọ́ mọ́ oògùn. Nígbà tí mo fi àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi han ìyá àgbà tí mo wí yẹn, iyùn ọrùn ìyàwó ni wọ́n fi ìka kàn. Wọ́n ní "juru", orúkọ iyùn ní èdè wọn nìyẹn. A kò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n a gbọ́ ìyẹn.

Ọmọ Adáhunṣe, Ìṣẹ́yìn

O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run a bù kún ọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ wa rèé. Ta ló gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ? Bàbá mi kì í fi oògùn rán ẹni tí wọn kò rí. Bí o bá wá láti Ṣakí láti wá gba oògùn fún ẹ̀gbọ́n rẹ, wọ́n á ní kí o lọ gbé e wá. Bí kò bá lè rìn, àwọn á gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a. Èmi gbé àpò wọn tẹ̀ lé wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ ń jiyàn lórí májèlé, mo gbọ́ yín, ó sì dùn mọ́ mi pé ọmọ Yorùbá mọ inú nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀ tí olùkọ́ fi pariwo "mákúrì!" bí ẹni pé àwọn èèyàn yẹn kò mọ̀ pé oró ni. Wọ́n mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì

Ẹ má bínú, bàbá. Mo tọrọ àforíjì, n kò ní èrò láti tẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Síbẹ̀ sà, n ò lè kó ẹ̀rí ọkàn mi dà nù. Pé wọ́n mọ̀ pé oró ni, tí wọ́n sì ṣe làálàá lórí rẹ̀, èyí ń fi òótọ́ inú wọn hàn. Kò tíì sọ iye tó ṣẹ́ kù nínú hóró kan, kò sì sọ ohun tí ìyẹn ń ṣe nínú ara ẹni tó bá lò ó fún ogún ọdún. Ìwọ̀n ni mo fẹ́. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn tó ń lò ó wò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ayé kà á. Ìjọba Íńdíà ti fọwọ́ sí Sowa Rigpa láti 2010 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìṣègùn ilẹ̀ wọn, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tìróò wa àti àgúnmu wa náà, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbé ti ilé mi wá.

Àǹtí Apòògùn

Mo tẹ̀ lé olùkọ́ lórí ìyẹn. Bàbá wa sì ti sọ ohun tí mo ń wá ẹnu tí n ó fi sọ. Ẹni tí kò rí aláìsàn kò gbọdọ̀ yan oògùn fún un. Níbi iṣẹ́ mi, bí ẹnìkan bá wá ra oògùn fún "ẹnìkan nílé", ìbéèrè mẹ́fà ni mo máa ń bi í kí n tó nawọ́.

Ìyá Ìbejì Peckham

Akẹ́kọ̀ọ́ dà? Ṣé wọ́n ti gbé ìyá lọ rí dókítà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Punjab

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ìdánwò wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé wọn lọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sókè gan-an, oògùn tí wọ́n ń lò kò tó mọ́, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ tó ń kú yẹn, iṣan ọrùn ló ń fún un, kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Ìyá mi Peckham, n ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ fún ìfọwọ́ra àti eré ìdárayá ọrùn lọ́sẹ̀ méjìméjì.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ bàbá Ìṣẹ́yìn fún ọ̀rẹ́ mi, ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ohun tí bàbá wí yẹn ni ìyá òun ì bá sọ. Ó ní àánú ló ṣe òun, òun kò rò ó jinlẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀, ó ní ká lọ sílé wọn. A wọ bọ́ọ̀sì ní Jalandhar, a gba Pathankot, ìgbà tí a fi máa dé Dharamsala ilẹ̀ ti ṣú, òkè ńláńlá náà wà níwájú wa bí ògiri, yìnyín wà lórí rẹ̀. Láàárọ̀, a lọ rí amchi kan, obìnrin àgbàlagbà, ọ̀rẹ́ mi ló ń túmọ̀. Mo ṣàlàyé ìyá mi fún un. Mo yọ hóró náà jáde, mo ní ṣé kí n fi ránṣẹ́.

Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé wọ́n lè wá?"

Mo ní rárá, ọ̀nà jìn.

Ó rọra ká ọwọ́ mi dé mọ́ hóró náà, ó dá a padà fún mi. Lẹ́yìn náà, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. N ò tíì jókòó níwájú oníṣègùn kankan tó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìka rẹ̀ mẹ́ta kò tẹ̀ mọ́ mi bákan náà. Ti àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, ti ìkẹta wọlé dáadáa. Ó pa ojú dé. Mo gbọ́ bí òjò ṣe ń kán lórí páànù. Nígbà tó ṣe, ó bi mí bóyá mo máa ń sùn. Mo ní rárá, láti ìgbà tí ara ìyá mi kò ti yá. Ó ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ lára mi, ó fún mi ní hóró ewé lásán, ti ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí n máa jẹun gbígbóná, kí n yé fi tíì dúdú sùn.

Àrìnrìnàjò Òkè

Amchi gidi nìyẹn. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí.

Àbúrò, fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí: ayédèrú rinchen rilbu pọ̀ lọ́jà, láti Kathmandu dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń wé e ní sílíìkì náà, wọ́n ń kán ìda sí i náà. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, ìbáà jẹ́ èyí tó wà nínú páálí. Kí ni ẹ wá fẹ́ ṣe sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Punjab

Mo fẹ́ dá a padà fún ọ̀rẹ́ mi, kò gbà. Ó ní ohun tí òun fi ọwọ́ méjèèjì fún èèyàn, òun kò lè gbà á padà. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tọ́jú rẹ̀ sínú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ ara bí wọ́n bá ń rìnrìn-àjò, láìtú u.

Lánàá ni mo fi fídíò pe ìyá mi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi di fóònù mú, wọ́n sì dì í mú títí a fi sọ̀rọ̀ tán. Mo fi hóró náà hàn wọ́n, mo ní oògùn ni, ṣùgbọ́n n kò ní fi ránṣẹ́, mo sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n ní kí n gbé e súnmọ́ kámẹ́rà, kí àwọn rí òwú rẹ̀. Aláṣọ ni ìyá mi, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ta aṣọ òkè ní ọjà Òkè-Àjé. Wọ́n wo kókó òwú náà lábẹ́ ìda pupa yẹn, wọ́n wò ó títí.

Wọ́n ní, "Ẹni tó so èyí kò kánjú."